Nígbà tí Ìyá Ìbejì fi ìkòkò aró sílẹ̀

Ọ̀rọ̀ tí mo gbé wá lọ́tẹ̀ yìí, inú ilé mi ló ti ṣẹlẹ̀. Ẹ má rò pé mo fẹ́ tú àṣírí ìyàwó mi o. Òun fúnra rẹ̀ ló ní kí n kọ ọ́.

Ìdí aró ni ọ̀pọ̀ nínú yín ti mọ Ìyá Ìbejì. Abẹ́òkúta ni wọ́n bí i sí, ẹ̀gbẹ́ ìkòkò aró ló dàgbà sí, owó àdìrẹ la sì fi rán àwọn ọmọ wa níwèé. Ìyá tó bí i kì í ṣí ìkòkò láìkọ́kọ́ júbà Ìyá Mapó, òun náà ò sì jẹ́ kí àṣà yẹn parun. Ṣùgbọ́n aró ayé ìsinsìnyí ti kúrò ní ewé ẹ̀lú àti eérú nìkan. Kọ́sítíìkì àti háídírò ni wọ́n ń dà sómi gbígbóná, òórùn rẹ̀ á sì máa ta èèyàn láti imú dé àyà.

Ló bá bẹ̀rẹ̀ sí í wúkọ́. Ibí yìí ni ẹ̀bi tèmi wà. Mo ní ikọ́ lásán ni, mo se àgbo fún un. Àkókò òjò kan kọjá, mo tún se òmíràn. Nígbà tí àyà rẹ̀ wá ń dún bíi fèrè lóru, mo tó gbé Ifá kalẹ̀. Ifá ní kí n má jókòó tì í mọ́, kí n gbé e lọ sọ́dọ̀ ẹni tó lè wo inú àyà rẹ̀. Ojú tì mí, nítorí àwọn ọmọ ti ń sọ bẹ́ẹ̀ tipẹ́, mi ò gbọ́.

Nílé ìwòsàn, wọ́n ya fọ́tò àyà rẹ̀. Dókítà ní kò gbọdọ̀ súnmọ́ kẹ́míkà yẹn mọ́. Iṣẹ́ tó ti ń ṣe fún ohun tó lé lọ́gbọ̀n ọdún! Ó délé, ó dákẹ́. Ká ní ó sunkún ni, ẹ̀rù ò bá má bà mí tó bẹ́ẹ̀. Nígbà tó yá, ó ní, "Bàbá Ìbejì, bí mi ò bá rẹ aṣọ mọ́, kí ni mo fẹ́ máa wí fún Ìyá Mapó?" Èmi tí ayé ń bi léèrè ọ̀rọ̀, mi ò rí èsì fún un.

Ọ̀kan nínú àwọn ìbejì tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù ló gbé ẹ̀rọ kan bọ̀ wálé. Kò tóbi ju ẹ̀rọ ìtẹ̀wé orí tábìlì lọ. Ẹ ó ya àwòrán sórí kọ̀ǹpútà tàbí fóònù, abẹ tínńtín tó dà bí ẹnu bírò á sì máa gé e sára bébà tàbí rọ́bà pẹlẹbẹ tí ẹ bá lẹ̀ mọ́ ẹní kékeré kan tó ní gọ́ọ̀mù. Káàdì ọjọ́ìbí ni ọmọ yìí fi ń gé lọ́hùn-ún. Ìyá rẹ̀ wò ó títí, ó ní, "Ṣé kò lè gé batánì àdìrẹ ni?"

Ẹ̀yin tí ẹ mọ Abẹ́òkúta mọ̀ pé obìnrin ló ń rẹ aṣọ, ọkùnrin ló ń gé batánì sára páànù. Wọ́n á gbé páànù náà lé aṣọ, wọ́n á fi ẹ̀kọ láfún ra á, ibi tí ẹ̀kọ bá mú, aró ò ní wọ ibẹ̀. Ẹ̀rọ yìí ò lè gé páànù. Fíìmù àyà rẹ̀ tí dókítà ti wò tán ni Ìyá Ìbejì fà yọ. Mo ní, "Èèwọ̀!" Ó ní, "Èèwọ̀ wo? Ṣebí òun ló lé mi kúrò nídìí aró. Òun náà ni yóò dá mi padà."

Ẹyẹ inú òrùka ló kọ́kọ́ gé. Bó ṣe gbé e sókè, ẹyẹ bọ́, òrùka ṣófo. Bàbá àgbàlagbà kan tó ń gé páànù nítòsí Ìtòkú ló là á lóye: ohun tó bá wà nínú òrùka, kí ó fi okùn tín-ín-rín dè é mọ́ ara fíìmù. Mo rò pé bàbá náà á bínú. Ó ní ojú òun ò ríran dáadáa mọ́, inú òun dùn pé ẹnì kan ṣì ń béèrè.

Lẹ́yìn náà ni ẹgbẹ́ Ọlọ́ṣun kan ní kó bá àwọn kọ orúkọ sára ogún ẹ̀wù fún Ọjọ́ Ìṣẹ̀ṣe, ọjọ́ 20 oṣù Kẹjọ. Rọ́bà tí wọ́n ń fi áyọ́ọ̀nù lẹ̀ mọ́ aṣọ, ẹ̀yìn ni wọ́n ń gé e sí kí iwájú tó lè hàn. Ó gbàgbé. Gbogbo ọ̀rọ̀ dorí kodò, owó rọ́bà wọgbó. Ó tún òmíràn gé. Níbi tó ti ń fi abẹ́rẹ́ yọ ìdọ̀tí kúrò, àmì kéékèèké abẹ́ lẹ́tà bá a lọ. Mo kà á, mo ní, "Osùn tí wọ́n ń fi pa ọmọ lára nìyí, kì í ṣe Ọ̀ṣun." Ó fẹjú mọ́ mi, ṣùgbọ́n títí ilẹ̀ fi mọ́ ló ń to àmì náà padà lọ́kọ̀ọ̀kan.

Àwọn kan ti bi mí bóyá ẹ̀rọ yìí bá Ìṣẹ̀ṣe mu. Ẹ wo abẹ rẹ̀, ṣé kì í ṣe irin ni? Ògún tó ni abẹ onígbàjámọ̀ àti ọkọ̀ awakọ̀, òun ló ni èyí náà. A fún un lóbì àti ẹmu kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó ní kó bá òun fi rọ́bà gé ọpọ́n Ifá, mo ní kó lọ bá agbẹ́gilére, o jàre.

Ara rẹ̀ ò tíì dá pátápátá. Bí ọyẹ́ bá dé, ikọ́ náà máa ń yọjú. Àwọn tó kọ́ṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ ló ń rẹ aṣọ báyìí, òun ló ń gé batánì fún wọn, láràárọ̀ ló sì ń júbà Ìyá Mapó kí ó tó tanná sí ẹ̀rọ.

Ẹ̀yin awo ẹgbẹ́ mi, àgbo dára, mi ò ní fi í sílẹ̀. Ṣùgbọ́n ikọ́ tó bá pẹ́ lára èèyàn, ẹ jẹ́ kí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò. Ẹ má ṣe bíi tèmi.

Ire o. Àbọrú, àbọyè, àbọṣíṣẹ.