Àwọn Tó Ń Ṣòfin Owó Ìwádìí Kò Mọ Iye Tí Wọ́n Ń Ta Irin

Sí Olóòtú,

Alàgbà kan kọ̀wé sínú ìwé ìròyìn yín lọ́sẹ̀ tó kọjá pé torí pé kò sí oníṣẹ́ ọwọ́ tó mọṣẹ́ nílẹ̀ yìí ni owó ìwádìí àwọn yunifásítì wa ṣe ń gba òkè òkun lọ. Mi ò lè fẹ̀jẹ̀ sínú kí n tutọ́ funfun: irọ́ ni. Oníṣẹ́ ọwọ́ wà. Ìwé ni kò jẹ́ kí owó dé ọ̀dọ̀ wọn, kò sì sẹ́ni tó ti bá ìjọba ṣiṣẹ́ rí tí kò mọ ohun tí mò ń wí.

Iṣẹ́ irin ni mò ń ṣe, ní Sàngó-Ọ̀tà níbí, lẹ́bàá ọ̀nà Ìdìrókò. Bí ẹ̀rọ tí wọ́n kó wá láti Ṣáínà tàbí Jámánì bá dẹnu kọlẹ̀ lóru ní ilé-iṣẹ́ ńlá kan, àwa ni wọ́n ń pè. Kí ilẹ̀ tó mọ́, a ti gé irin òmíràn rọ́pò èyí tó bàjẹ́, iṣẹ́ sì ti bẹ̀rẹ̀ padà. Wọn kì í béèrè ìwé kankan lọ́wọ́ wa nígbà yẹn.

Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2023, dókítà kan tó ń kọ́ni ní físíìsì ní yunifásítì ìjọba kan wá bá mi. Òun àtàwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ ti rí gíráǹtì gbà láti ṣe ẹ̀rọ kan tí wọ́n fẹ́ máa fi wádìí ìràwọ̀. Kì í ṣe èyí tí èèyàn ń fi ojú wò o. Àwo bíi ti tẹlifíṣọ̀n ni, ṣùgbọ́n ó fẹ̀ tó mítà mẹ́ta. Ó ní gáàsì haidirójìn tó wà láàárín àwọn ìràwọ̀ máa ń sọ̀rọ̀ lórí rédíò, ní 1420 MHz, pé àwo náà á máa gbọ́ ọ tọ̀sán-tòru, pé kùrukùru àti èéfín kò lè dí i lọ́wọ́. Ibẹ̀ ni iṣẹ́ náà ti wọ̀ mí lójú. Àwa tí à ń gbé Sàngó, tí èéfín ilé-iṣẹ́ tó ń yọ́ irin ń bò lálaalẹ́, ìgbà wo la rí ìràwọ̀ gbẹ̀yìn?

Ohun tó fẹ́ lọ́wọ́ mi ni ẹsẹ̀ onírin tí yóò gbé àwo náà dúró, tí yóò máa yí i sọ́tùn-ún sósì, sókè sódò, tí afẹ́fẹ́ kò sì ní í mì í. Mo ní họ́ọ̀bù ẹ̀yìn tírélà la máa lò. Họ́ọ̀bù tó ń gbé sìmẹ́ǹtì bọ̀ láti Ewékorò kò ní í mọ̀ pé àwo wà lórí òun. Mo fi báírò yà á sórí pépà tó mú wá, ibi tí bẹ́ríǹgì máa wà, ibi tí gíà máa jókòó sí, bí páìpù ṣe gbọ́dọ̀ nípọn tó. Gíríìsì wà lọ́wọ́ mi, àtàǹpàkò mi sì hàn gedegbe létí ìwé náà. Ẹ rántí àtàǹpàkò yẹn o. Mo kọ iye owó sí i, inú Dókítà dùn, torí iye tí wọ́n ń ta irú rẹ̀ lókè òkun ju tèmi lọ fíìfíì.

Ni fáìlì bá gbéra. Ìgbìmọ̀ jókòó, ìgbìmọ̀ dìde. Wọ́n ní kótéṣọ̀n gbọ́dọ̀ pé mẹ́ta, àwọn ẹlẹ́gbẹ́ mi méjì kọ tiwọn. Wọ́n ní kí n mú ìwé owó orí ọdún mẹ́ta wá, kí n mú ti PENCOM tó ń rí sí owó ìfẹ̀yìntì wá, ti ITF tó ń rí sí ìdálẹ́kọ̀ọ́ òṣìṣẹ́, ti NSITF tó ń rí sí ìdójútòfò òṣìṣẹ́. Wọ́n ní ohun tí òfin ìpèsè iṣẹ́ ìjọba ti ọdún 2007 wí nìyẹn. Èmi tí àwọn ọmọ iṣẹ́ mi àti èmi jọ ń jẹ ẹ̀bà nínú abọ́ kan náà, ìwé owó ìfẹ̀yìntì wo ni kí n mú wá? Òfin tí wọ́n fi ń yẹ ẹni tó fẹ́ ṣe afárá wò ni wọ́n fi ń yẹ ẹni tó fẹ́ jó páìpù pọ̀ wò.

Ibi tí a ti ń fa èyí ni wọ́n ti tú náírà sílẹ̀ ní oṣù kẹfà ọdún náà. Dọ́là tí ìjọba ń ṣírò ní nǹkan bíi 470 náírà kọjá 700 kí oṣù tó parí. Nígbà tó fi di oṣù kejì ọdún 2024, ó ti kọjá 1,500. Ta ni kò mọ ohun tí irin dà? Mo sọ fún Dókítà pé iye tí mo kọ kò lè ra páìpù lásán mọ́. Ó lọ bá àwọn tó ń mójú tó owó. Wọ́n ní ohun tí wọ́n bá ti kọ sílẹ̀ fún ẹ̀rọ kò ṣeé yí padà. Ṣé owó ìrìn àjò àti ìpàdé ṣì wà? Ó wà digbí. Ṣé wọ́n lè bù nínú rẹ̀ kún ti irin? Ó tì o, àyàfi bí Àbújá bá fọwọ́ sí i, bí wọn kò bá sì ná an, wọ́n á dá a padà. Bẹ́ẹ̀ ni Dókítà ṣe wọkọ̀ lọ síbi ìdálẹ́kọ̀ọ́ lórí bí wọ́n ṣe ń lo ẹ̀rọ tí kò tíì sí.

Lọ́jọ́ kan, jíìpù kan dúró níwájú ṣọ́ọ̀bù mi. Agbaṣẹ́ṣe kan sọ̀ kalẹ̀ láti Àbújá, ó ní gbogbo ìwé pé lọ́wọ́ òun, òun ni wọ́n gbé iṣẹ́ fún, ṣé mo lè bá òun ṣe nǹkan kan. Ó na pépà sí mi. Àtàǹpàkò mi ni mo rí létí rẹ̀! Iye tó fẹ́ san kò sì tó ìdajì èyí tí mo kọ kí irin tó gbówó lórí. Mo ní kó máa bá tirẹ̀ lọ. Ó gbé e lọ síbòmíràn, wọ́n fi páìpù fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ṣe é, kò sí bẹ́ríǹgì, kò sí họ́ọ̀bù. Ìjì àkọ́rọ̀ òjò ló dojú àwo náà bolẹ̀.

Dókítà pè mí: "Ẹ gbà wá, Bàbá." Mo ní kó mú owó irin nìkan wá, mo fi owó iṣẹ́ jì í. Ó dákẹ́ díẹ̀, ó ní kò sí ibi tí wọ́n kọ owó àtúnṣe sí nínú bọ́jẹ́ẹ̀tì àwọn. Ẹ̀rọ tó máa wà nínú òjò àti oòrùn tọdún-tọdún!

Ní ti owó ìwádìí, ibo ló ti ń wá? Ẹ jẹ́ ká fi TETFund, àjọ tó ń pín owó orí ẹ̀kọ́ fún àwọn ilé ẹ̀kọ́ gíga, ṣe àpẹẹrẹ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kì í ṣe àwọn ló fún Dókítà lówó. 2% lára èrè ilé-iṣẹ́ ni owó orí ẹ̀kọ́ nígbà tí wọ́n ṣe òfin wọn ní 2011. Ó di 2.5% ní 2021, ó di 3% ní 2023. Òfin owó orí tuntun tó bẹ̀rẹ̀ ní 2026 dà á pọ̀ mọ́ àwọn mìíràn, ó di 4%, ìdajì rẹ̀ sì jẹ́ ti TETFund. Àwọn ilé-iṣẹ́ Ọ̀tà ń san nínú rẹ̀. Èéfín wọn, àwa là ń fà á símú. Tírélà wọn ń ba ọ̀nà jẹ́, ọ̀nà Èkó sí Abẹ́òkúta tún ń fi kún owó irin kó tó dé ọ̀dọ̀ wa. Síbẹ̀, Yunifásítì Covenant wà ní Ọ̀tà láti 2002, Bells wà níbẹ̀ láti 2005, kọ́bọ̀ kò gbọdọ̀ kàn wọ́n, torí òfin ní ti ìjọba nìkan ni. Ṣé ọmọ aládàáni kì í ṣe ọmọ ni?

Ẹ wo ohun tí àwọn ẹlòmíràn ṣe. Ní 2017, Gánà àti South Africa pawọ́ pọ̀, wọ́n sọ àwo tẹlifóònù àtijọ́ kan ní Kutunse, lẹ́bàá Accra, tó fẹ̀ ní mítà 32, di ẹ̀rọ ìwádìí ìràwọ̀. NITEL, ilé-iṣẹ́ tẹlifóònù ìjọba àtijọ́, ní irú àwo bẹ́ẹ̀ rí ní Lánlátẹ̀, ní Ìbàràpá. Bí wọ́n bá ní ká tún tiwa ṣe lónìí, ìwé PENCOM ni wọ́n máa kọ́kọ́ béèrè lọ́wọ́ wẹ́dà.

Ohun tí mo fẹ́ kí wọ́n ṣe kò le. Iṣẹ́ ìwádìí tí owó rẹ̀ kò bá tó mílíọ̀nù mẹ́wàá náírà, kí wọ́n fagi lé gbogbo ìwé yẹn. Kí wọ́n fi dọ́là ṣírò gíráǹtì, kí wọ́n kó owó náà lé olùwádìí lọ́wọ́ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, kó ra ohun tó bá wù ú lọ́wọ́ ẹni tó bá wù ú. Bó bá jí i, kí wọ́n jù ú sẹ́wọ̀n. Kí ìdá kan nínú owó tí ilé-iṣẹ́ Ọ̀tà ń san fún TETFund má kúrò ní Ọ̀tà rárá. Ẹnikẹ́ni tí kò bá sì ná irin rí ní ọjà Owódé Onírin, kó dìde lórí àga ìgbìmọ̀ tó ń dá owó lé e.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,
Oníṣẹ́ irin kan,
Sàngó-Ọ̀tà, Ìpínlẹ̀ Ògùn.