Níbo Ni O Ti Rí I? Ọ̀rọ̀ sí Àwọn Òbí Ọmọ Ilé-Ìwé

Ẹ̀yin òbí ọlọ́lá, ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ sọ ní oṣù yìí kò dùn ún gbọ́, ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá dákẹ́, tara rẹ̀ a bá a dákẹ́.

Nígbà tí àwọn ìyá wa ń tọ́ ọmọ, bí ọmọ bá mú ohun tí ilé kò rà fún un wọlé, ìbáà ṣe mángòrò kan ṣoṣo tàbí kọ́bọ̀ kan, ìbéèrè kan ni yóò kọ́kọ́ pàdé rẹ̀ ní ẹnu ọ̀nà: “Níbo ni o ti rí i?” Bí àlàyé rẹ̀ kò bá já geere, ìyá yóò di ọwọ́ rẹ̀ mú, yóò sì mú un lọ sí ilé ẹni tí ó ni nǹkan, kí ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ dá a padà, kí ó sì fi ẹnu ara rẹ̀ tọrọ àforíjì. Ìtìjú náà a máa korò, ṣùgbọ́n ó ń wo àrùn. Kí ni ó wá dé tí a fi ń bi ọmọ léèrè nípa mángòrò, tí a kò sì bi í léèrè nípa máàkì?

Máàkì tí ọmọ kò ṣiṣẹ́ fún kì í ṣe tirẹ̀. Ọmọ tí ó jí ìwé ẹnì kejì rẹ̀ wò, ọmọ tí ó fi bírò yí 3 padà di 8 nínú ìwé èsì rẹ̀, ọmọ tí ó fọwọ́ sí ìwé ní orúkọ baba rẹ̀, gbogbo wọn ni ó gbé ẹrù olẹ́rù wọlé. Síbẹ̀, kí ni àwa tí iṣẹ́ wa jẹ́ láti kọ́ àwọn tí yóò di olùkọ́ ń gbọ́ lẹ́nu àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa, nígbà tí wọ́n bá ti ibi ìdánrawò iṣẹ́ olùkọ́ dé? Wọ́n ní bí àwọn bá mú ọmọ tí ó jí ìwé wò, kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó mọ́ tán, baba rẹ̀ ti dé ọgbà ilé-ìwé. Kò bi ọmọ ní ohunkóhun. Olùkọ́ ni ó ń bi léèrè ẹni tí ó fún un láṣẹ láti dójú ti ọmọ òun. Àwọn mìíràn tilẹ̀ burú ju èyí lọ: àwọn fúnra wọn ni ó ń ka owó lé ọwọ́ ẹni tí yóò bá ọmọ wọn ṣe ìdánwò, tàbí kí wọ́n yọ ọmọ kúrò ní ilé-ìwé rere, kí wọ́n sì mú un lọ sí èyí tí àwọn ènìyàn ń pè ní “mírákù sẹ́ńtà.” Àwọn àgbà ti dá irú òbí bẹ́ẹ̀ lẹ́jọ́ tipẹ́tipẹ́: ẹni tí ó gbé epo lájà kò jalè bí ẹni tí ó gbà á lọ́wọ́ rẹ̀.

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe wí pé ọ̀rọ̀ ìjọba ni. Ìjọba ti gbìyànjú. Ní ọdún 1977, ìwé ìdánwò àjọ WAEC tú síta ṣáájú àkókò, ariwo náà sì pọ̀ débi pé a gbé ìgbìmọ̀ ìwádìí kalẹ̀. Ní ọdún 1984, Òfin 20 ti ìjọba ológun fi ẹ̀wọ̀n ọdún 21 lélẹ̀ fún màgòmágó ìdánwò. Ọdún 21! Ọmọ tí a bí ní ọjọ́ ìdájọ́ yóò ti tó ẹni tí ń gbé ìyàwó kí ẹlẹ́wọ̀n tó jáde. Ǹjẹ́ màgòmágó tán? Rárá o. Ní ọdún 1999, òfin mìíràn dín ìjìyà náà kù. Láti ọdún 2015, orí kọ̀ǹpútà ni àjọ JAMB ti ń ṣe gbogbo ìdánwò rẹ̀, a sì ń tẹ ìka kí a tó wọlé. Síbẹ̀ a kò yé gbọ́ nípa ẹni tí ó jókòó ṣe ìdánwò ní orúkọ ẹlòmíràn. Òfin lè ti ilẹ̀kùn, ṣùgbọ́n ilé ni ó ń kọ́ ọmọ kí ó má baà fẹ́ já a.

A mọ ohun tí àwọn kan yóò sọ: “Gbogbo ayé ni ó ń ṣe é, bí ọmọ tèmi kò bá ṣe é, ẹ̀yìn ni yóò wà.” Ẹ jẹ́ kí a bi yín: nígbà tí irú ọmọ bẹ́ẹ̀ bá di nọ́ọ̀sì tí kò mọ ìwọ̀n oògùn, ara ta ni yóò ti kọ́ ọ? Nígbà tí ó bá di olùkọ́ tí kò mọ ìṣirò, ọmọ ta ni yóò fi ṣòfò? Ọmọ-ọmọ yín ni yóò jókòó níwájú rẹ̀.

Àwọn mìíràn sì wà tí wọ́n gbà pé pàṣán ti parí ọ̀rọ̀. Wọn a lu ọmọ bí ẹni lu bàrà, wọn a sì fi máàkì náà sílẹ̀ fún un. Ẹ̀kọ́ tí ọmọ yóò rí kọ́ níbẹ̀ kò ju pé kí ó má jẹ́ kí ọwọ́ tẹ òun nígbà mìíràn. Ọmọ tí a ń nà nígbà tí kò mọ̀wé, tí a tún ń nà nígbà tí ó bá jẹ́wọ́, àwa ni a ń tì í sínú irọ́.

Kí ni ó wá yẹ ní ṣíṣe? Èkíní, ẹ fi sùúrù bi ọmọ léèrè kí ẹ tó gbé ọwọ́ sókè, ẹ sì gbọ́ tẹnu olùkọ́ pẹ̀lú. Èkejì, ẹ bá a lọ sí ilé-ìwé. Kí ẹ̀yin dákẹ́, kí òun sọ ohun tí ó ṣe níwájú ẹni tí ó ṣẹ̀. Ẹ̀kẹta, ẹ jẹ́ kí ó pàdánù máàkì náà. Ẹ má bẹ̀bẹ̀ kí a dá a padà, ẹ má sì ran ẹnikẹ́ni sí ọ̀gá ilé-ìwé. Bí ó bá jẹ́ pé yóò tún kíláàsì kà, kí ó tún un kà. Ọdún kan kò pọ̀ jù fún ohun tí yóò bá a dé ogbó. Ẹ̀kẹrin, ẹ wá ìdí rẹ̀. Bóyá kò gbọ́ iṣẹ́ náà yé, kí ẹ wá ẹni tí yóò là á yé e. Bóyá ìbẹ̀rù ohùn yín ni, kí ẹ rọ ohùn náà sílẹ̀. Ọwọ́ òsì tí a fi bá ọmọ wí, ọ̀tún ni a fi ń fà á mọ́ra.

Àwa Yorùbá a máa yangàn pé ọmọlúwàbí ni wá. Orúkọ náà kò sí nínú ìwé ẹ̀rí kankan. Ẹnu ọ̀nà ilé ni a ti ń fi í fún ọmọ tàbí kí a gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Kékeré ni a ti ń pẹ̀ka ìrókò. Bí ó bá dàgbà tán, apá kì í ká a mọ́. Ẹ̀yin òbí, àdá ṣì wà lọ́wọ́ yín.