Wi-Fi Àlejò, Nílé àti Lókè Òkun

Wi-Fi àlejò ni ẹnu ọ̀nà kejì tí ráútà kan náà ń ṣí fún ẹni tí kì í ṣe ará ilé. Ó ní orúkọ tirẹ̀ àti páásíwọ́ọ̀dù tirẹ̀. Ẹni tó bá gba ibẹ̀ wọlé yóò dé orí íntánẹ́ẹ̀tì, ṣùgbọ́n kò ní rí kọ̀ǹpútà onílé, ẹ̀rọ ìtẹ̀wé tàbí kámẹ́rà àgbàlá. Àlejò lè mú inú rere wá, kí fóònù rẹ̀ sì gbé fáírọ́ọ̀sì wá.

Ní London tàbí Manchester, iye kan náà ni ọ̀pọ̀ ilé ń san lóṣooṣù, bí wọ́n lo dátà, bí wọn ò lò ó. Kò sí ohun tó ń dun ẹnikẹ́ni nínú kí àlejò lo Wi-Fi. Páásíwọ́ọ̀dù wà lára ráútà gan-an; àlejò á yí i sẹ́yìn, á ya á ní fọ́tò, ó parí. Ẹni tó wá síbi ìsọmọlórúkọ, ẹni tó wá tún ẹ̀rọ ìfọṣọ ṣe, ọ̀rẹ́ ọmọ tó wá ṣeré, gbogbo wọn ló gbé e lọ. Láti 29 Oṣù Kẹrin 2024 ni òfin ilẹ̀ Britain ti sọ pé ẹ̀rọ tó ń lo íntánẹ́ẹ̀tì kò gbọdọ̀ dé ọjà pẹ̀lú páásíwọ́ọ̀dù kan náà fún gbogbo oníbàárà. Ó dára bẹ́ẹ̀, àmọ́ òfin ò lè gba èyí tí onílé ti fi ọwọ́ ara rẹ̀ pín padà.

Ní Ìbàdàn tàbí Èkó, dátà ló ń ba onílé lẹ́rù. MiFi tàbí hotspot fóònù ni ọ̀pọ̀ ń lò, gígábáìtì ni wọ́n ń rà, ó sì ní ọjọ́ tí yóò parí. Fóònù àlejò kan tó ń gbé fídíò pamọ́ sórí íntánẹ́ẹ̀tì láìsọ fún ẹnikẹ́ni lè jẹ dátà ọ̀sẹ̀ kan tán lóru ọjọ́ kan. Nítorí náà, onílé á tan hotspot, àlejò á ṣe tirẹ̀, onílé á sì pa á. Wọ́n lè pè é láhun, ṣùgbọ́n ahun yìí ń ṣọ́ ilé ju bí òun fúnra rẹ̀ ti mọ̀ lọ. Ibi tí ó ti ń kùnà ni páásíwọ́ọ̀dù: WPA2, ìlànà ààbò Wi-Fi, kì í gba ohun tí kò tó lẹ́tà mẹ́jọ, ìdí nìyẹn tí 12345678 fi pọ̀ tó bẹ́ẹ̀. Nísinsìnyí tí Starlink ti wọ Nàìjíríà láti 2023, tí fáíbà sì ń dé àwọn àdúgbò kan, owó tó ń dí àlejò lọ́wọ́ ń kúrò, kò sì tíì sí ìṣọ́ra mìíràn tó rọ́pò rẹ̀.

Ṣíṣe Wi-Fi àlejò kò le. Ojú ìwé ráútà sábà máa ń wà ní 192.168.0.1 tàbí 192.168.1.1, bí kò bá jẹ́ orí áàpù. Páásíwọ́ọ̀dù tí a fi ń wọ ojú ìwé yẹn ni kí a kọ́kọ́ yí padà. Kì í ṣe ti Wi-Fi, ọ̀pọ̀ ènìyàn kò sì fọwọ́ kàn án rí. Lẹ́yìn náà ni kí a tan Guest Network, kí a sọ ọ́ lórúkọ tí kò ní orúkọ ìdílé tàbí nọ́ńbà ilé nínú. WPA3, tó jáde ní 2018, ló dára jù. Bí fóònù àtijọ́ bá kọ̀ ọ́, kí a lo WPA2. WEP ti bàjẹ́ láti 2001, kí ẹnikẹ́ni má sún mọ́ ọn. Kí a wò ó dáadáa pé àwọn àlejò kò lè rí ẹ̀rọ inú ilé, kí wọ́n má sì lè rí ti ara wọn. Àwọn ráútà kan tún lè dín ìyára àlejò kù, èyí tí yóò dùn mọ́ ẹni tó ń ra dátà. Tí òde bá parí, kí a yí páásíwọ́ọ̀dù àlejò padà. Ti onílé kò ní mì.

Àlejò tó fẹ́ gbé fọ́tò ìgbéyàwó láti orí fóònù sórí tẹlifíṣọ̀n onílé kò ní rí i ṣe lórí Wi-Fi àlejò. Wáyà HDMI ni kí wọ́n fún un, kì í ṣe páásíwọ́ọ̀dù ilé.