Gbígba Iṣẹ́ Lọ́wọ́ Ajẹ́ǹtì Ilé Tí Kò Ṣe Iṣẹ́ Rẹ̀

Gbogbo ọpẹ́ ti Ọlọ́hun ni, Ọba tí ó pa àwọn onígbàgbọ́ láṣẹ láti mú àdéhùn ṣẹ, tí kò sì fẹ́ràn àwọn oníjàmbá. Kí ìkẹ́ àti ọlà Rẹ̀ máa bá Ànábì Muhammad, ẹni tí àwọn ará Mẹ́kà ti ń pè ní Al-Amin, olùfọkàntán, kí iṣẹ́ Ànábì tó dé bá a.

Ní Èkó, ní Ìbàdàn, ní Abẹ́òkúta àti ní Ìlọrin, ó ti di àṣà kí ẹni tí ó ní ilé tàbí ilẹ̀ fa kọ́kọ́rọ́ lé ajẹ́ǹtì lọ́wọ́, pé kí ó bá òun wá ayálégbé tàbí ẹni tí yóò rà á. Kò sí ohun tí ó burú nínú èyí. Ṣẹ̀ríà fi ààyè gba kí ènìyàn yan aṣojú tí yóò bá a tà tàbí tí yóò bá a rà. Ibi tí ọ̀rọ̀ ti máa ń dojú rú ni ìgbà tí oṣù mẹ́fà bá kọjá tàbí tí ọdún bá yí po, tí ilé sì ṣófo síbẹ̀, tí ajẹ́ǹtì kò sì ní ìròyìn kan tí ó ń mú wá ju “ó ń bọ̀, ó ń bọ̀” lọ. Nígbà náà, àwọn kan a dákẹ́, wọn a ní sùúrù ni àwọn ń ṣe. Àwọn mìíràn a gba ẹ̀yìn ajẹ́ǹtì lọ fún ẹlòmíràn ní iṣẹ́ náà láìsọ fún un. Ọ̀nà méjèèjì ni ó ní àbùkù. Ohun tí ó tọ́ ni kí a gba iṣẹ́ náà kúrò lọ́wọ́ rẹ̀ ní gbangba, kí a sì san ohun tí ó bá jẹ́ ẹ̀tọ́ rẹ̀ fún un.

Ẹni tí ó dákẹ́ sábà máa ń sọ pé arákùnrin òun nínú ẹ̀sìn ni ajẹ́ǹtì náà, pé sáàfù kan náà ni àwọn jọ ń dúró sí lọ́jọ́ Jímọ̀, pé ojú ń ti òun láti sọ fún un pé iṣẹ́ ti bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ìtìjú dára, ẹ̀ka kan sì ni nínú ìgbàgbọ́, ṣùgbọ́n kò yẹ kí ìtìjú sọ ẹ̀tọ́ ẹlòmíràn di ègbé. Kì í ṣe gbogbo ilé ni ó jẹ́ ti ẹnì kan ṣoṣo. Òmíràn jẹ́ ogún. Bàbá ti kú, opó ní ìdá kan nínú mẹ́jọ gẹ́gẹ́ bí Súrátù Nísáà ti là á kalẹ̀ nígbà tí ọmọ bá wà, àwọn ọmọ òrukàn náà sì ní ìpín tiwọn. Owó iléèwé àwọn ọmọ wọ̀nyí ni owó tí ó yẹ kí ó máa wọlé láti ara ilé náà. Bí alábòójútó ogún bá jẹ́ kí ilé ṣófo fún ọdún kan gbáko nítorí pé ojú ń tì í láti bá ajẹ́ǹtì sọ òótọ́ ọ̀rọ̀, dúkìá ọmọ òrukàn ni ó fi ń ṣe ojú àánú. Ẹni tí yóò bá ṣàánú, kí ó fi ohun tirẹ̀ ṣe é. Ìkìlọ̀ tí ó wà ní ẹsẹ kẹwàá Súrátù náà lórí dúkìá ọmọ òrukàn kì í ṣe ìkìlọ̀ kékeré.

Àwọn mìíràn a sì tún mú ẹsẹ àkọ́kọ́ Súrátù Máídà wá, níbi tí Ọlọ́hun ti pàṣẹ pé kí àwọn onígbàgbọ́ mú àdéhùn ṣẹ. Wọn a ní gbígba iṣẹ́ lọ́wọ́ ajẹ́ǹtì, yíyẹ àdéhùn ni. Èrò yìí kò rí bẹ́ẹ̀. Ìgbéyàwó wúwo ju ọ̀rọ̀ ajẹ́ǹtì lọ, síbẹ̀ Ọlọ́hun fi ọ̀nà méjì lélẹ̀ nínú rẹ̀, ní ẹsẹ 229 Súrátù Bákárà: kí a mú un dání pẹ̀lú dáadáa, tàbí kí a tú u sílẹ̀ pẹ̀lú dáadáa. Bí a bá lè tú ìgbéyàwó ká ní ọ̀nà tí ó bófin mu, ti ẹni tí a kàn rán ní iṣẹ́ ọjà kò le jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ó yẹ kí onílé mọ ìdí tí ilé mìíràn fi ń pẹ́ nílẹ̀. Ní àwọn ìlú ńlá, àwọn ajẹ́ǹtì kan a máa gba owó lọ́wọ́ gbogbo ẹni tí ó bá fẹ́ wo ilé kí wọ́n tó mú un débẹ̀. Bí ogún ènìyàn bá wo ilé kan, owó ogún ènìyàn ti wọ àpò ajẹ́ǹtì, onílé kò sì tíì rí kọ́bọ̀. Irú ajẹ́ǹtì bẹ́ẹ̀ kò ní ìdí láti kánjú, nítorí pé òfìfo ilé ni ó ń bọ́ ọ. Òmíràn a bu owó lé iye tí onílé dá, kí ó lè kó àlékún rẹ̀ sápò. Àwọn tí ó ń wá ilé a gbọ́ iye náà, wọn a sì yà lọ. Onílé yóò máa rò pé ọjà kò yá, láìmọ̀ pé àlékún tí òun kò pàṣẹ ni ó ń lé àwọn ènìyàn sẹ́yìn.

Kí irú àwọn bẹ́ẹ̀ wo ìtàn Urwah Al-Bariqi, tí ó wà nínú àkójọ Bukhari. Ànábì (kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a) fún un ní dínárì kan kí ó fi ra àgùntàn kan wá. Urwah fi dínárì náà ra àgùntàn méjì, ó ta ọ̀kan ní dínárì kan, ó sì mú àgùntàn kan àti dínárì kan padà wá fún Ànábì. Ànábì ṣe àdúà ìbùkún fún un nínú òwò rẹ̀. Aṣojú tí ó mọ iṣẹ́ nìyẹn: ọgbọ́n tirẹ̀ ni ó mú èrè wá, síbẹ̀ kò kó o pamọ́ fún ẹni tí ó rán an.

Ṣùgbọ́n onílé nìkan kọ́ ni òdodo wà fún. Kí ó tó di ẹ̀bi ru ajẹ́ǹtì, kí ó kọ́kọ́ bi ara rẹ̀ léèrè: ṣé iye tí òun dá bá ti àdúgbò mu? Ṣé òrùlé kò jò? Ṣé omi wà? Ṣé ìwé ilẹ̀ pé, àbí ẹjọ́ wà lórí rẹ̀? Ajẹ́ǹtì tí ó mú ènìyàn mẹ́wàá wá, tí gbogbo wọn sì sá nítorí òrùlé tí ó ń jò, kò jẹ̀bi. Onílé ni ó yẹ kí ó pe káfíńtà.

Ní ti ẹni tí ó ń gba ẹ̀yìn, ẹ̀bi rẹ̀ le ju ti ẹni tí ó dákẹ́ lọ. Òmíràn a pàdé ayálégbé tí ajẹ́ǹtì mú wá, a ní kí ó padà wá lálẹ́ ní òun nìkan, kí àwọn méjèèjì lè jọ jẹ owó ajẹ́ǹtì. Ó lè máa wí pé ajẹ́ǹtì náà kò kúkú ṣe dáadáa. Ní ẹsẹ 58 Súrátù Anfáàl, Ọlọ́hun pàṣẹ fún Ànábì pé bí ó bá ń bẹ̀rù jàmbá láti ọ̀dọ̀ àwọn ènìyàn kan, kí ó da àdéhùn wọn padà sí wọn ní gbangba, kí tọ̀tún tòsì lè mọ̀ pé ó ti parí. Ọ̀rọ̀ ogun ni ẹsẹ náà dá lé. Bí a kò bá gbọdọ̀ yọ́ kẹ́lẹ́ da àdéhùn pẹ̀lú ọ̀tá, báwo ni yóò ṣe tọ́ láti yọ́ kẹ́lẹ́ dà á pẹ̀lú ẹni tí a jọ ń kírun?

Kí onílé tún mọ irú àdéhùn tí ó wà nílẹ̀. Ìwé Risálà tí Ibn Abi Zayd Al-Qayrawani, tí ó kú ní ọdún 996, kọ lórí òfin Máálíkì ti yanjú ọ̀rọ̀ yìí. Bí ó bá jẹ́ pé ìgbà tí ọjà bá tà ni wọ́n tó ń san owó, kò sí ohun tí ó tọ́ sí ajẹ́ǹtì bí iṣẹ́ kò bá parí. Bí ó bá jẹ́ pé wọ́n gbà á síṣẹ́ títà fún oṣù mélòó kan ní owó kan pàtó, owó rẹ̀ pé nígbà tí àkókò náà bá pé, bí ọjà kò tilẹ̀ tà. Bí ó bá tà á ní ìdajì àkókò, ìdajì owó ni tirẹ̀. Àwọn onímọ̀ Máálíkì sì tún sọ pé nínú àdéhùn àkọ́kọ́ yẹn, ajẹ́ǹtì lè fi iṣẹ́ náà sílẹ̀ nígbà tí ó bá wù ú, ṣùgbọ́n onílé kò lè dédé yẹ̀ ẹ́ lẹ́yìn tí ajẹ́ǹtì bá ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Nítorí náà, ẹni tí kò bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ rárá kò lè dí onílé lọ́wọ́. Ẹni tí ó bẹ̀rẹ̀ tí ó sì pa á tì ti fi ọwọ́ ara rẹ̀ kúrò níbẹ̀. Ẹni tí ó ń sáré kiri lórí rẹ̀ lójoojúmọ́, àbòsí ni kí a lé e nígbà tí ó kù díẹ̀ kí ọjà tà.

Ọ̀nà tí onílé yóò gbà ṣe é kò ṣòro.

Èkíní, kí ó pe ajẹ́ǹtì jókòó, kí ó bèèrè ìròyìn iṣẹ́: àwọn wo ni ó ti mú wá, iye wo ni ó pè fún wọn, kí ni wọ́n sì sọ?

Èkejì, bí kò bá sí èsì gidi, kí ó sọ ọ́ kò ó lójú pé iṣẹ́ náà ti kúrò lọ́wọ́ rẹ̀ láti ọjọ́ báyìí, kí ó sì kọ ọ́ sínú ìwé níwájú ẹlẹ́rìí. Àwọn onímọ̀ yapa ẹnu lórí bóyá ohun tí aṣojú bá ṣe kí ó tó gbọ́ pé a ti yọ òun ṣì múlẹ̀, nítorí náà kí a tètè jẹ́ kí ó gbọ́.

Ẹ̀kẹta, kí àwọn méjèèjì jọ kọ orúkọ àwọn tí ajẹ́ǹtì ti mú wá sílẹ̀. Bí ọ̀kan nínú wọn bá padà wá gba ilé náà, kí onílé san owó ajẹ́ǹtì fún un. Hádíìsì tí Ibn Majah gbà wá pé kí a san owó alágbàṣe kí òógùn rẹ̀ tó gbẹ kò yọ ẹni tí a ti gba iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ sílẹ̀.

Ẹ̀kẹrin, kí ajẹ́ǹtì dá kọ́kọ́rọ́, ẹ̀dà ìwé àti owó yòówù tí ó wà lọ́wọ́ rẹ̀ padà. Àmánà ni gbogbo wọn.

Ìkarùn-ún, kí onílé pa ẹnu mọ́. Ẹni tí ó bá wá bèèrè nítorí pé ó fẹ́ fa ilé tirẹ̀ lé ajẹ́ǹtì náà lọ́wọ́ ni ó tọ́ láti sọ òótọ́ fún. Bí a bá ń gbé e káàkiri ọjà àti mọ́ṣáláṣí, ọ̀rọ̀ ẹ̀yìn ni.

Bí onílé bá fẹ́ yan ẹlòmíràn, kí ó rántí pé láti ọdún 1975 ni ìjọba àpapọ̀ ti ṣe òfin tí ó ní kí àwọn onímọ̀ ìdíyelé ilé àti ilẹ̀ forúkọ sílẹ̀ lábẹ́ ìgbìmọ̀ kan. Kí ó bèèrè ìwé ẹ̀rí, kí ó sì kọ àdéhùn tuntun sílẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀.

Àwọn ajẹ́ǹtì Mùsùlùmí náà kò gbọdọ̀ bínú sí ọ̀rọ̀ yìí. Nínú hádíìsì tí Abu Dawud àti Tirmidhi gbà wá láti ọ̀dọ̀ Qays ọmọ Abu Gharazah, alágbàtà ni wọ́n ń pe àwọn oníṣòwò Mẹ̀dínà tẹ́lẹ̀. Ànábì fún wọn ní orúkọ tí ó dára jù ú lọ, ó pè wọ́n ní oníṣòwò, ó sì gbà wọ́n níyànjú láti máa fi sàráà lú òwò wọn, nítorí àwọn ọ̀rọ̀ tí kò yẹ tí ó máa ń wọ inú rẹ̀. Iṣẹ́ ajẹ́ǹtì kì í ṣe iṣẹ́ àbùkù. Ẹni tí ó bá mọ̀ pé agbára òun kò ká ilé kan, kí ó fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́, kí ó sì dá kọ́kọ́rọ́ padà kí wọ́n tó bèèrè rẹ̀.

Kí Ọlọ́hun fi wá ṣe olùpa àmánà mọ́, kí Ó sì má jẹ́ kí ẹ̀tọ́ ọmọ òrukàn kankan ṣòfò sí ọwọ́ Mùsùlùmí. Àmín.