Ogún Ìlú Kò Yẹ fún Ààtàn

Àwọn baba wa sọ pé ìròyìn kò tó àfojúbà. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ta ni ojú rẹ̀ lè bá gbogbo ohun tí ń ṣẹlẹ̀ ní ìlú? Nítorí èyí ni ilé ìwé ìròyìn fi ń rán ẹnì kan jáde pẹ̀lú kámẹ́rà, kí ó lọ fi ojú tirẹ̀ wò ó fún gbogbo wa. Bí akọ̀ròyìn kò bá dé ibi ìṣẹ̀lẹ̀, ó lè bi ẹlòmíràn léèrè, kí ó sì kọ èsì rẹ̀ sílẹ̀. Ayàwòrán kò ní irú àyè bẹ́ẹ̀. Bí òun fúnra rẹ̀ kò bá sí níbẹ̀, kò sí àwòrán.

Ẹ jẹ́ kí a gbé ìgbésí ayé ẹnì kan nínú wọn yẹ̀ wò. A bí Peter Obe ní ọdún 1932, ó sì fi ayé sílẹ̀ ní ọdún 2013. Ìwé ìròyìn Daily Times, tí ó bẹ̀rẹ̀ sí jáde ní Èkó ní 1926, ni ó sọ orúkọ rẹ̀ di mímọ̀. Níbẹ̀ ni ó sì ti di ọ̀gá àwọn ayàwòrán. Nígbà tí ogun abẹ́lé bẹ́ sílẹ̀ ní oṣù keje ọdún 1967, ó tọ àwọn ọmọ ogun ìjọba àpapọ̀ lẹ́yìn dé ojú ìjà. Kò gbé ìbọn. Kámẹ́rà ni ó gbé. Ọta ìbọn kò sì mọ ìyàtọ̀ láàárín àwọn méjèèjì.

Ogun parí ní oṣù kìíní ọdún 1970. Ní 1971, Obe kó àwòrán rẹ̀ jọ, ó sì fi ilé iṣẹ́ tirẹ̀ tẹ̀ wọ́n jáde ní ìwé kan tí ó pè ní Nigeria: A Decade of Crises in Pictures. Ẹ rántí irú ọdún mẹ́wàá tí a ń wí: wàhálà Ìwọ̀-Oòrùn ti 1962, ìfipágbàjọba méjì ti 1966, àti ogun oṣù ọgbọ̀n.

Ohun tí a fẹ́ kí ẹ kíyè sí nìyí: nítorí pé Obe sọ iṣẹ́ rẹ̀ di ìwé ni àwa fi lè rí i lónìí. Àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tí kò rí ọ̀nà tẹ ìwé ńkọ́? Nínú ọ̀pọ̀ àwòrán tí ayàwòrán yà lójúmọ́, ọ̀kan tàbí méjì ni ìwé ìròyìn lò. Ìyókù wọ inú àpótí. Nígbà púpọ̀, orúkọ ẹni tí ó yà á kì í sí lábẹ́ èyí tí a tilẹ̀ lò. Ilé ìwé ìròyìn náà a sì máa bọ́ sí ọwọ́ ẹlòmíràn. Ìjọba gba èyí tí ó pọ̀ jù nínú Daily Times ní 1975, ó sì tà á ní 2004. Ẹni tí ó ra ilé kì í sábà bèèrè ohun tí ó wà nínú àpótí àtijọ́.

Nínú ilé ayàwòrán pàápàá, ọ̀rọ̀ kò sàn jù bẹ́ẹ̀ lọ. Bí bàbá bá kú, àwọn ọmọ a pín ilé, wọn a pín ilẹ̀, wọn a sì gbé páálí nẹ́gẹ́tíìfù lọ sí ààtàn, nítorí pé ẹnikẹ́ni kò sọ fún wọn pé ogún ìlú ni. Fíìmù ìgbà náà kò sì fẹ́ ooru àti ọ̀rinrin, méjèèjì tí ilẹ̀ wa ní lọ́pọ̀lọpọ̀. Bí wọ́n bá bá a jà pẹ́, a bẹ̀rẹ̀ sí rùn bí ohun tí ó kan, a súnkì, a lọ́, àwòrán ara rẹ̀ a sì bó. Bí ó bá ti dé ibẹ̀, kò sí oníṣègùn tí ó lè wò ó sàn.

Àwọn kan yóò wí pé kí a jẹ́ kí àwòrán ogun àti ìpọ́njú run, kí a má baà tún egbò ṣí. A bọ̀wọ̀ fún ìrora wọn, ṣùgbọ́n a kò gbà pẹ̀lú wọn. Bí àgbà bá ṣubú, ẹ̀yìn ni í wò. Àwọn tí a ń kọ́ ní iṣẹ́ olùkọ́ lónìí kò mọ ogun náà bí kò ṣe nínú ìtàn. Bí a bá mú ẹ̀rí rẹ̀ kúrò níwájú wọn, kí ni yóò kìlọ̀ fún wọn? Àwọn mìíràn yóò wí pé gbogbo ènìyàn ni ó ní kámẹ́rà lára tẹlifóònù báyìí. Bẹ́ẹ̀ ni, ṣùgbọ́n tẹlifóònù òní kò lè ya àwòrán àná.

Ìrántí kì í ṣe nǹkan àjèjì sí wa. Láyé àtijọ́, àwọn ará Ọ̀wọ̀ a máa gbẹ́ àkó, ère olóògbé tí a wọ̀ ní aṣọ, kí ojú òkú má baà parẹ́ lójú alààyè. Àwọn ọ̀mọ̀wé kan tilẹ̀ túmọ̀ àwòrán sí ohun tí a ń wò rántí.

Nítorí náà, ẹ̀yin ọba àti ìjòyè, a bẹ̀ yín: ẹ ya yàrá kan sọ́tọ̀ láàfin tàbí ní gbọ̀ngàn ìlú, yàrá tí ó gbẹ, tí ó sì tutù, fún iṣẹ́ àwọn ayàwòrán ìlú yín. Ẹ tọ ìdílé wọn lọ, kí ẹ sì san owó tí ó yẹ. Kí a má gbà á lọ́fẹ̀ẹ́. Ẹ̀yin olóòtú ìwé ìròyìn, ẹ máa tẹ orúkọ ayàwòrán sí abẹ́ àwòrán rẹ̀. Àwa olùkọ́ ní tiwa, ẹ jẹ́ kí a rán àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa sí àwọn arúgbó onífọ́tò tí ó ṣẹ́kù, kí wọ́n kọ orúkọ, ọjọ́ àti ibi ìṣẹ̀lẹ̀ sí ẹ̀yìn àwòrán kọ̀ọ̀kan, nígbà tí ẹni tí ó mọ̀ ọ́n ṣì wà láàyè láti sọ ọ́. Àwòrán tí kò ní orúkọ, àlejò ni ní ilé baba rẹ̀.

Iṣẹ́ yìí kò le, owó rẹ̀ kò sì pọ̀. Ọjọ́ nìkan ni kò dúró dè wá.