Bírò Pupa Kì í Ṣe Ọ̀tá

Ìbéèrè kan ni mo gbé wá: kí ni ó yẹ kí ènìyàn ṣe nígbà tí wọ́n bá fi àṣìṣe iṣẹ́ rẹ̀ hàn án?

Nígbà tí mo ń kọ àpilẹ̀kọ ìparí ẹ̀kọ́ mi lórí ẹkún ìyàwó, mo kó orí kejì lọ fún olùkọ́ tí ó ń bójú tó iṣẹ́ mi. Ìyìn ni mo ń retí. Nígbà tí ó dá a padà, bírò pupa ti kún inú rẹ̀. Níbi tí mo ti kọ ọ́ pé oríkì ìdílé bàbá nìkan ni ìyàwó máa ń kì, ó kọ ọ́ sí ẹ̀gbẹ́ pé: "Ta ni ó sọ bẹ́ẹ̀? Ènìyàn mélòó ni o bi?" Inú bí mi. Mo ti ìwé náà bọ abẹ́ ibùsùn fún odidi ọ̀sẹ̀ méjì, mo sì ń sọ káàkiri pé olùkọ́ náà kò fẹ́ràn mi. À ń gba òròmọdìẹ lọ́wọ́ ikú, ó ní wọn kò jẹ́ kí òun lọ jẹ̀ lórí ààtàn.

Òótọ́ ibẹ̀ ni pé ìyá àgbà kan ṣoṣo ni mo bi. Nígbà tí ara mi balẹ̀, mo lọ bá ìyá mẹ́ta mìíràn. Méjì nínú wọn sun ẹkún tí ó kún fún oríkì ìdílé ìyá wọn. Ìbéèrè tí mo kà sí ìkà ni ó gba iṣẹ́ mi là.

Èrò tèmi ni pé kò sí ẹni tí ó ga ju àtúnṣe lọ. Àjàyí Crowther tẹ ìwé ọ̀rọ̀ Yorùbá rẹ̀ jáde ní 1843. Ní 1852, ó tún un tẹ̀, ó sì fẹ̀ ẹ́ lójú. Wọ́n ṣe ìpàdé lórí àkọtọ́ Yorùbá ní Èkó ní 1875, síbẹ̀ wọ́n tún fọwọ́ sí àtúnṣe mìíràn ní 1974. 'Aiye' di 'ayé', 'enia' di 'ènìyàn'. Bí èdè wa bá gba àtúnṣe, ta ni èmi?

Lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́ tí mo ń ṣe lónìí, mo rí i pé ẹni tí ó gba ìtọ́sọ́nà ni ọ̀gá máa ń gbé iṣẹ́ ńlá lé lọ́wọ́. Bí wọ́n bá bá ọ wí, má fèsì lójú ẹsẹ̀. Béèrè ibi tí àṣìṣe wà gan-an, ṣe àtúnṣe, kí o sì gbé e padà lọ. Bí o bá rí i pé ẹ̀bi kọ́ ni tìrẹ, kó ẹ̀rí rẹ lọ pẹ̀lú ọ̀wọ̀.

Ẹ̀yin olùkọ́ wa, "kò dára" nìkan kì í ṣe ìtọ́sọ́nà. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ sọ ibi tí kò dára àti ìdí rẹ̀. Bí a bá fi ọwọ́ òsì na ọmọ, ọwọ́ ọ̀tún ni a fi ń fà á mọ́ra.

Ọgbọ́n ọlọ́gbọ́n ni kì í jẹ́ kí a pe àgbà ní wèrè. Ẹ yọ ìwé yín lábẹ́ ibùsùn.