Kí ni ọmọ yín ń wá nídìí ìgò oògùn ikọ́?

Ní oṣù karùn-ún ọdún 2018, ìjọba àpapọ̀ fòfin de ṣíṣe oògùn ikọ́ tó ní codeine nínú àti kíkó o wọ Nàìjíríà. Ó dára bẹ́ẹ̀. Àmọ́ òfin lè gba ìgò kúrò lórí káńtà, kò lè gba ohun tó ń lé ọmọ lọ sídìí ìgò kúrò lọ́kàn rẹ̀.

Oògùn olóró máa ń mú èèyàn lọ́nà méjì. Ti ara la sábà máa ń rí: bí ẹni tó ti mọ́ lára bá dáwọ́ Tramadol dúró, òógùn á bò ó, imú rẹ̀ á máa ṣomi, eegun á máa ro ó, oorun ò ní kùn ún. Èyí tó le jù níbẹ̀ sábà máa ń rọlẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ kan tàbí méjì. Ti ọkàn ló ń pẹ́.

Ká ní ọ̀dọ́mọkùnrin kan ń wa kẹ̀kẹ́ Márúwá nílùú Kano. Ẹ̀yìn tó ń ro ó ló kọ́kọ́ mú un lo Tramadol. Nígbà tó yá, kò dúró de ẹ̀yìn ríro mọ́. Bí onílé bá ti bèèrè owó ilé, á lò ó. Bí bàbá rẹ̀ bá fi í wé àbúrò rẹ̀, á lò ó. Oògùn ti di ọ̀rẹ́ tí kì í bá a wí. Ẹ wá gba ọ̀rẹ́ yẹn lọ́wọ́ rẹ̀, ẹ ò fi nǹkan kan rọ́pò rẹ̀. Kí lẹ rò pé ó máa ṣe?

Ibí yìí ni mímọ ara ẹni ti wúlò. Kó ra ìwé kékeré kan. Nígbàkigbà tí oògùn bá ń wù ú, kó kọ aago tó lù, ibi tó wà, àti ohun tó wà lọ́kàn rẹ̀ kó tó di pé ó ń wù ú: ṣé ebi ni, ìbínú ni, àárẹ̀ ni, àbí kò rẹ́ni bá sọ̀rọ̀? Ẹni tó bá ti mọ̀ pé aago mẹ́sàn-án alẹ́ ni tòun máa ń le, lè ti wà lọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ láago mẹ́jọ. Ẹ̀yin náà, ẹ dẹ́kun bíbéèrè pé, “Ṣé o tún ti lò ó?” Irọ́ ni ìbéèrè yẹn ń kọ́ ọ. Ẹ bi í pé, “Kí ló ṣẹlẹ̀ lónìí?” kí ẹ sì fetí gbọ́ ọ.

Ọ̀rọ̀ yìí lè dun àwọn ìyá kan, ṣùgbọ́n ó yẹ ká sọ ọ́. Ìyá tó ń san gbèsè ọmọ, tó ń bá a purọ́ fún ọ̀gá rẹ̀, tí kì í sùn àfi tó bá gbọ́ ìró ilẹ̀kùn, òun náà ti so ọkàn rẹ̀ mọ́ oògùn tí kò lò. Kó bi ara rẹ̀ léèrè: ṣé ọmọ ni mò ń ràn lọ́wọ́, àbí ẹ̀rù tó ń bà mí ni mò ń pẹ̀tù sí?

Ẹ má dè é mọ́lẹ̀ sílé o. Tramadol tí èèyàn bá lò jù lè fa gìrì. Ẹni tó sì ti fi í sílẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, tó padà lo iye tó ń lò tẹ́lẹ̀, lè kú, torí ara rẹ̀ ò lè gbà á mọ́. Ẹ mú un lọ sílé ìwòsàn ọpọlọ ti ìjọba, bíi ti Àró l'Abẹ́òkúta, ti Yaba l'Ékòó tàbí ti Kaduna. Àjọ NDLEA náà ní nọ́ńbà tí ẹ lè pè lọ́fẹ̀ẹ́: 080010203040.